Kọ̀ǹpútà ilé wa kò dá mi mọ̀ mọ́, wọ́n sì ní kí n jẹ́ kí àwọn fọ́ọ̀màtì rẹ̀

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́ Àìkú, 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ò gba ìdúró.

Ní alẹ́ àná, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìdajì wákàtí. Bátìrì UPS wa ti kú tipẹ́, nítorí náà bí iná bá ti lọ, kọ̀ǹpútà náà kú nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ Shut down ni, ó ń pa ara rẹ̀ lọ lọ́wọ́ nígbà tí iná já. A tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ password mi, ó gbà á. Ó wá dúró lórí "Welcome" bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tó gbé ìkìlọ̀ kan síta: "We can't sign in to your account." Mo pa ìkìlọ̀ náà dé, àmọ́ Desktop tó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe tèmi. Àwòrán àwọn ìbejì tó máa ń wà lójú rẹ̀ kò sí. Kò sí fódà kankan. Documents ṣófo bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé láti ọjà. Mo ti pa á, mo ti tún un tàn, ó ti tó ìgbà mẹ́jọ.

Mo pe ẹnjiníà tó máa ń bá wa tún nǹkan ṣe. Kò tilẹ̀ wá wò ó. Lórí fóònù ló ti sọ pé Windows ti bàjẹ́, kí n gbé e wá lọ́la kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí òun nu gbogbo ohun inú rẹ̀ nù, pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń já mi láyà. Ìyàwó mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Àkọsílẹ̀ owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti 2016 wà níbẹ̀. Èkejì ni ohùn ìyá mi. Ní 2019, mo jókòó tì wọ́n ní Ìdànrè, mo gba oríkì ìdílé wa sílẹ̀ lẹ́nu wọn, fáìlì mọ́kànlá. Ní 2021 ni wọ́n fi wá sílẹ̀. Fóònù tí mo fi gbà á sílẹ̀ ti sọnù. N kò ní ẹ̀dà níbòmíràn.

Windows 10 ni. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Atúnṣe Arákàlẹ̀
Ọjọ́ Àìkú, 7:52 àárọ̀

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́ọ̀màtì. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí kì í ṣe pé fáìlì yín ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gbogbo ẹni tó bá ń lo Windows ló ní fódà tirẹ̀ nínú C:\Users, profile ni wọ́n ń pè é. Inú fódà yẹn ni Documents, Pictures, Desktop àti Downloads rẹ̀ wà. Fáìlì kan tún wà níbẹ̀ tí Windows fi pamọ́, NTUSER.DAT lórúkọ rẹ̀. Òun ló ń rántí gbogbo ìṣe yín: àwòrán tí ẹ fẹ́, ibi tí ẹ to nǹkan sí, bí ẹ ṣe ṣètò eku àti lẹ́tà. Bí ẹ bá tẹ password, NTUSER.DAT ni Windows kọ́kọ́ ń ṣí. Bí kò bá rí i kà, kò ní dá yín padà. Yóò ṣe fódà àlejò kan fún yín, TEMP ni ó máa ń pè é, yóò fi yín jókòó síbẹ̀. Ilé ìgbàlejò lẹ wà báyìí. Yàrá yín ṣì wà níbi tó wà, ilẹ̀kùn ni kò ṣí.

Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣe. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe iṣẹ́ kankan sórí Desktop tó ṣófo yẹn, nítorí bí ẹ bá ti jáde, Windows máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú TEMP rẹ́. Ìkejì, ẹ ṣí This PC, ẹ wọ C:, ẹ wọ Users. Ẹ sọ fún mi àwọn fódà tí ẹ bá rí níbẹ̀.

Ọmọ FUTA
Ọjọ́ Àìkú, 8:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ̀lì, kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ regedit, ẹ tẹ Enter. Ibẹ̀ ni Windows ń kọ àwọn ètò rẹ̀ sí. Ẹ lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Microsoft\Windows NT\CurrentVersion\ProfileList. Ẹ máa rí àwọn nọ́ńbà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21. Ọ̀kan máa ní .bak nídìí, ìkejì rẹ̀ máa jọ ọ́ délẹ̀ àmọ́ kò ní .bak. Èyí tó ní .bak ni tiyín gan-an. Ẹ fi .old kún ìdí èyí tí kò ní nǹkan, ẹ yọ .bak kúrò lára ìkejì. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí i, ẹ sọ RefCount àti State di 0. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn. Ó parí.

Olùkọ́ Òdòjọmu
Ọjọ́ Àìkú, 8:31 àárọ̀

Láti Ondó ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá Ìbejì, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀màtì rẹ̀.

Ní 2022, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí mi, Desktop ṣófo, àmì kan náà. Mo gbé e lọ fún ẹnìkan, ó ní kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́, torí mo rí i lójú ara mi pé Documents ṣófo. Ó fọ́ọ̀màtì rẹ̀ lójú mi. Máàkì ìdánwò kíláàsì mẹ́rin fún tááàmù mẹ́ta, ìwé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ fún ọdún mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún máàkì yẹn tẹ̀ láti inú ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, àwọn kan sì ti gba ìwé tiwọn padà. Lẹ́yìn oṣù kan ni ẹnìkan tó ṣí mi lójú sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ wà nínú C:\Users ní gbogbo àkókò tí mo ń sunkún. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Documents tó ṣófo yẹn, ti àlejò ni. Kì í ṣe tiyín.

Atúnṣe Arákàlẹ̀
Ọjọ́ Àìkú, 8:40 àárọ̀

Mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ọ̀rọ̀ máàkì yẹn.

Ọmọ FUTA, ohun tí o kọ péye, èmi náà máa ń ṣe é. Àmọ́ o ti sáré jù. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀ pé dísìkì tiyín le. Ti Bàbá Ìbejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná já mọ́ ọn lórí, a ò tíì mọ̀ bóyá fáìlì nìkan ló bàjẹ́ tàbí dísìkì fúnra rẹ̀. Bí ara dísìkì kò bá yá, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un tàn ni wọ́n ń fi kún àìsàn rẹ̀. Ẹ̀dà ni a kọ́kọ́ ń ṣe ní ìdí iṣẹ́ yìí. Bí ẹ̀dà bá ti wà lọ́wọ́, ẹ lè wọ regedit bó ṣe wù yín.

Ọmọ FUTA
Ọjọ́ Àìkú, 8:44 àárọ̀

Òótọ́ ni sà. Mo tọrọ gáfárà. Bàbá, ẹ dúró ná, ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tí mo kọ.

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́ Àìkú, 1:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti wọ C:\Users. Mo rí Public, mo rí TEMP, mo sì rí fódà kan tó jẹ́ lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ímeèlì mi. Mo ṣí i. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀! Àkọsílẹ̀ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀. Fódà tí mo pè ní Ohùn Màmá wà lórí Desktop rẹ̀, fáìlì mọ́kànlá ní iye. Ìyàwó mi ti dúpẹ́ títí.

Àmọ́ ìṣòro kan rèé. Mo ra dísìkì alágbèéká tuntun, mo fà gbogbo fódà náà sórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta, ó dúró gbagidi. Kọ̀ǹpútà náà kò gbọ́ eku, kò gbọ́ kíbọ́ọ̀dù, ohùn kan sì ń dún nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń ta èékánná mọ́ pákó. Mo dúró fún wákàtí kan. Mo wá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. Ṣé kí n tún un bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Jámánì
Ọjọ́ Àìkú, 1:33 ọ̀sán

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó wà ní pípa. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí nìyí, ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn ni orí tó ń kàwé lára dísìkì, ó ń lọ ó ń bọ̀ lórí ojú kan tí kò rí kà mọ́. Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti profile, ó ti di ti dísìkì.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn wá CrystalDiskInfo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò tó ń yẹ ara dísìkì wò ni, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹ gbé e sórí fláàṣì. Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ṣí i. Yóò fi àwọ̀ hàn yín. Bí ó bá jẹ́ búlúù, ara dísìkì yá. Bí ó bá jẹ́ yẹ́lò, ó kọ Caution, dísìkì ń kìlọ̀. Ẹ wo ìlà 05 àti ìlà C5. 05 ni iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò. C5 ni èyí tó ń kọminú sí, tí kò rí kà, tí kò sì tíì rọ́pò. C5 yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ṣe chkdsk /r báyìí, ìyẹn àṣẹ Windows tó ń yẹ dísìkì wò tó sì ń tún un ṣe, ẹ má dá a lóhùn. Ó dára fún dísìkì tó le. Lórí èyí tó ń kú lọ, yóò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún wákàtí púpọ̀, ó sì máa ń yí ètò fáìlì padà nígbà tó bá rí àléébù. Iṣẹ́ tí dísìkì náà ṣẹ́ kù láti ṣe láyé, ẹ̀dà ni kí ó fi ṣe.

Aránṣọ Ọ̀bá-Ilé
Ọjọ́ Àìkú, 2:10 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n wọlé rárá. Bí mo bá tẹ password, ó ní "The User Profile Service failed the sign-in. User profile cannot be loaded", ó sì dá mi padà sẹ́yìn. Kò sí ohùn kankan nínú kọ̀ǹpútà tèmi. Àwọn ìwọ̀n aṣọ oníbàárà ló wà níbẹ̀.

Atúnṣe Arákàlẹ̀
Ọjọ́ Àìkú, 2:25 ọ̀sán

Mà, ìyá àti ọmọ ni tiyín àti ti Bàbá Ìbejì. Lójú ibi tí ẹ ti ń tẹ password, ẹ di Shift mú, ẹ tẹ àmì pípa tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ yan Restart láìjáwọ́ nínú Shift. Ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart. Bí ó bá dé, ẹ tẹ 4. Safe Mode nìyẹn, ó máa ń tan kọ̀ǹpútà láìpe àwọn ètò tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbìyànjú láti wọlé níbẹ̀. Bí ó bá gbà yín, ẹ kọ́kọ́ kó ìwọ̀n aṣọ sórí fláàṣì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ẹ wá tún un tàn bó ṣe yẹ.

Aránṣọ Ọ̀bá-Ilé
Ọjọ́ Àìkú, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ó gbà mí wọlé! Mo ti kó o. Nígbà tí mo tún un tàn, ó wọlé lọ́nà ti tẹ́lẹ̀. Olúwa á bù kún yín.

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́ Àìkú, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Yẹ́lò ni. Caution. 05 jẹ́ 16, C5 jẹ́ 40. Mo ti pa á.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Jámánì
Ọjọ́ Àìkú, 7:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ pa á. Ojú 40 kò pọ̀ jù nínú dísìkì tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú, àmọ́ kì í dúró sí 40.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ wá ibi tí iná kò ti ní já: inverter aládùúgbò, tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, kí ẹ sì bu epo sí i dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ẹ má fa gbogbo fódà lẹ́ẹ̀kan mọ́. Ohun tó ṣe iyebíye jù ni kó kọ́kọ́ jáde, nítorí a ò mọ ìgbà tí dísìkì náà á dákẹ́. Ohùn Màmá, lẹ́yìn náà alájẹṣẹ́kù, lẹ́yìn náà àwòrán. Fíìmù àti orin ni kó kẹ́yìn, ẹ lè rí ìwọ̀nyẹn níbòmíràn.

Fún ìyókù, ẹ fi robocopy ṣe é. Ètò tó ń kó fáìlì ni, ó ti wà nínú Windows. Ẹ wá Command Prompt, ẹ kọ:

robocopy "C:\Users\fódà yín" "E:\Ile" /E /XJ /R:1 /W:1 /LOG:E:\akosile.txt

Ẹ fi orúkọ fódà yín gan-an síbi tí mo kọ ọ́ sí. Ìtumọ̀ rẹ̀: /R:1 ní kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i péré lórí fáìlì tó bá kọ̀, /W:1 ní kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó gbìyànjú. Bí ẹ ò bá kọ méjèèjì, mílíọ̀nù kan ìgbà ni robocopy máa ń gbìyànjú lórí fáìlì kan, yóò sì máa sinmi ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín. Ìyẹn á pa dísìkì náà. /XJ ṣe pàtàkì pẹ̀lú: àwọn ọ̀nà àbùjá kan wà nínú AppData, fódà tí àwọn ètò ń kó nǹkan tiwọn sí, tó ń tọ́ka padà sí ara wọn, bí robocopy bá tẹ̀ lé wọn yóò máa yí po láìdúró. Àkọsílẹ̀ tó bá kọ sínú akosile.txt ni yóò sọ fún wa èyí tí kò rí kó.

Olùkọ́ Òdòjọmu
Ọjọ́ Àìkú, 9:15 alẹ́

Mo ń gbàdúrà pẹ̀lú yín, Bàbá Ìbejì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn.

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́ Ajé, 11:30 àárọ̀

Aládùúgbò wa kan ní inverter, ó fa wáyà sí ilé wa láti ojú fèrèsé. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Nínú mọ́kànlá, mẹ́wàá ti bọ́ sórí dísìkì tuntun, mo ti gbọ́ wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Alájẹṣẹ́kù ti jáde láìku ẹyọ kan, ìyàwó mi ti ṣí i, ó ti bá ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́wọ́ mu. Àwòrán méjì ni robocopy kò rí kó nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti díẹ̀.

Ọ̀kan tó kù nínú ti Màmá ni fáìlì keje. Òun ló gùn jù, ìṣẹ́jú 27. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe orúkọ bàbá àgbà wa àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Ó dé bí ìdajì, ó kọ̀. N kò tún un gbìyànjú. Ẹ̀rù bà mí.

Atúnṣe Arákàlẹ̀
Ọjọ́ Ajé, 11:41 àárọ̀

Ẹ ṣe bí àgbà. Ẹ pa á. Irú fáìlì wo ni? MP3 àbí M4A?

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́ Ajé, 11:44 àárọ̀

MP3.

Atúnṣe Arákàlẹ̀
Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Ẹ dúpẹ́. Wẹ́wẹ́wẹ́ ni wọ́n gé ohùn inú MP3 sí, ègé kọ̀ọ̀kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Bí ibì kan bá bàjẹ́ láàárín, ẹ óò gbọ́ kí ohùn gé díẹ̀, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. M4A ni kò rọrùn bẹ́ẹ̀: ó ní àtòjọ kan tó ń sọ ibi tí ohun gbogbo wà, lọ́pọ̀ ìgbà òpin fáìlì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bí àtòjọ yẹn bá lọ, gbogbo fáìlì lè kọ̀ láti ṣí.

Ìṣòro tó wà ni pé Windows máa ń jáwọ́ nínú gbogbo fáìlì nítorí ojú kan tí kò rí kà. Ètò kan wà lórí Linux, tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows. ddrescue lorúkọ ètò náà, ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Yóò kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó dára, yóò fo èyí tó ṣòro, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fo ó, lẹ́yìn náà ni yóò padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò bá rí kà rárá, yóò fi òfo dí àyè rẹ̀. Ẹ nílò fláàṣì tí Ubuntu, irú Linux kan, wà lórí rẹ̀. Ẹ ò ní fi Ubuntu sínú kọ̀ǹpútà o, orí fláàṣì ni ẹ ó ti lò ó.

Ọmọ FUTA
Ọjọ́ Ajé, 12:14 ọ̀sán

Mo ní fláàṣì Ubuntu lọ́wọ́, ddrescue ti wà lórí rẹ̀. Mi ò jìnnà sí Ìjàpọ̀. Bí ẹ bá gbà mí láyè sà, mo lè wá lọ́la lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀. Mi ò gba owó.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Jámánì
Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán

O káre, àbúrò. Kí o tó dé ọ̀hún: ní kí wọ́n di Shift mú bí wọ́n bá ń tẹ Shut down, kí kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀ pátápátá. Fast Startup Windows máa ń jẹ́ kó sùn láìkú tán, Ubuntu kì í sì fẹ́ràn dísìkì tó ń sùn. Wò ó bóyá BitLocker, ètò Windows tó ń ti gbogbo dísìkì pa, wà lórí rẹ̀. Bí ó bá wà, wọ́n nílò kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 tó wà nínú àkáǹtì Microsoft wọn. Àti pé orí dísìkì tuntun ni kí o kọ ẹ̀dà sí, má kọ ohunkóhun sórí èyí tó ń ṣàìsàn.

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:55 alẹ́

Ọmọ yìí wá. Aago mẹ́rin ló dé, ó sì ti parí kí aago mẹ́fà tó lù. Mo jókòó tì í. Ó fi nọ́ńbà hàn mí lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń kó o. Fáìlì náà jẹ́ mẹ́gábáìtì 25 àti díẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, báìtì 4,096 ni kò rí kà.

Ó ní kí n jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ìyàwó mi jáde láti ìdáná, àwọn ìbejì wá jókòó sílẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹrìnlá, ohùn wọn gé, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sínú. Wọ́n wá ń bá a lọ. Kò sí orúkọ kankan tó sọnù.

N kò lè kọ jù báyìí lọ lálẹ́ òní.

Ọmọ FUTA
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

Mo ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo padà sílé. Kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n fi gba ohùn náà, báìtì 16,000 nìyẹn. 4,096 jẹ́ bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú mẹ́jọ lórí dísìkì. Ẹ ṣeun fún iyán o, mà.

Olùkọ́ Òdòjọmu
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:22 alẹ́

Mo sunkún nígbà tí mo kà á. Ọlọ́run ṣeun.

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Ẹ̀dà ti wà báyìí, mo wá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Mo ṣe ohun tí Ọmọ FUTA kọ lọ́jọ́ kìíní. Mo rí nọ́ńbà méjèèjì nínú ProfileList, ti inú èyí tí kò ní .bak ń tọ́ka sí C:\Users\TEMP gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Mo pààrọ̀ wọn, mo sọ State àti RefCount di 0. Àmọ́ nígbà tí mo tún un tàn, ilé àlejò náà ni mo tún bá ara mi. Kí ló fà á?

Atúnṣe Arákàlẹ̀
Ọjọ́rú, 8:03 àárọ̀

Ẹ ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ wọ Windows Logs, Application, ẹ wá User Profile Service. Ẹ óò rí nọ́ńbà 1511, ìyẹn ló ń sọ pé ó fi yín sí ilé àlejò. Ẹ wò ó bóyá 1508 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Ó wà. Ó kọ ọ́ pé "The configuration registry database is corrupt."

Atúnṣe Arákàlẹ̀
Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Ó ti yé mi. Ọ̀nà méjì ni àìsàn yìí máa ń gbà wá. Nígbà mìíràn NTUSER.DAT le koko, ìtọ́ka ProfileList nìkan ló ṣìnà. Ìyẹn ni ti ọ̀rẹ́ Ọmọ FUTA, ìyípadà orúkọ sì wò ó sàn. Tiyín, NTUSER.DAT fúnra rẹ̀ ló ti já. Nígbà tí ènìyàn bá ń jáde tàbí tó ń pa kọ̀ǹpútà ni Windows máa ń kó ìyípadà tó bá kù dà sínú rẹ̀, àsìkò yẹn gẹ́lẹ́ ni iná yín já.

Orí dísìkì tó le, ǹ bá ní kí ẹ ṣí àkáǹtì tuntun, kí ẹ kó Documents, Pictures, Desktop àti Downloads sínú rẹ̀, kí ẹ má sì kó NTUSER.DAT àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ntuser, kí ẹ má baà kó àìsàn lọ sílé tuntun. Àmọ́ dísìkì yín ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má tún profile ṣe lórí rẹ̀. Ẹ ra SSD, irú dísìkì tí kò ní orí tó ń lọ tó ń bọ̀, kí a fi Windows tuntun sí i, kí ẹ wá kó ẹ̀dà yín wọlé. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá kọ̀ǹpútà náà lè gbé Windows 11. Ó ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, kì í sì í gba àwọn kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ jù.

Olùkọ́ Òdòjọmu
Ọjọ́rú, 9:00 àárọ̀

Àwọn password tí Chrome ń rántí ńkọ́? Ṣé ẹ̀dà á kó ìyẹn náà?

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Jámánì
Ọjọ́rú, 9:26 àárọ̀

Mà, ìbéèrè gidi nìyẹn. Fáìlì rẹ̀ á wọlé, àmọ́ kò ní ṣí. Windows fi kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ àkáǹtì àtijọ́ tì í, àkáǹtì tuntun kò ní kọ́kọ́rọ́ náà, kódà bí orúkọ àti password bá jọra. Bí ẹ bá ti fi àkáǹtì Google wọ Chrome tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì tan sync, tó ń fi ẹ̀dà wọn pamọ́ sọ́dọ̀ Google, wọn yóò padà wá fúnra wọn. Bookmarks ni kò sí títì lára rẹ̀: fáìlì Bookmarks wà nínú AppData\Local\Google\Chrome\User Data\Default, ẹ lè gbé e lọ síbi tó wù yín.

Ohun kan náà ló mú kí n máa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sáré fi àkáǹtì mìíràn yí password àkáǹtì tó bàjẹ́ padà. Bí ẹni náà bá ti fi EFS, ètò Windows tó ń ti fáìlì pa, ti fáìlì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lè bá a lọ.

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ ti parí. Ọ̀dọ̀ Atúnṣe Arákàlẹ̀ ni mo gbé e lọ. Kọ̀ǹpútà náà gba Windows 11. Ó ṣí àkáǹtì kejì tó jẹ́ ti alábòójútó sórí rẹ̀, ó ní kí a má máa lò ó, pé ọjọ́ tí tèmi bá tún kọ̀ ni a ó gba ibẹ̀ wọlé láìjà. Ó pààrọ̀ bátìrì UPS. Mo dán an wò, mo yọ wáyà lára ògiri, kọ̀ǹpútà kò kú, ó fún wa ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Dísìkì alágbèéká kan wà lọ́wọ́ ìyàwó mi fún alájẹṣẹ́kù, òun àti akápò ẹgbẹ́ á máa ṣe ẹ̀dà ní gbogbo ìparí oṣù, ọ̀tọ̀ sì ni ilé tí ẹ̀dà kejì yóò máa wà. Ohùn Màmá ti wà lórí Google Drive, mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìdànrè àti àbúrò wa ní Èkó. Dísìkì àtijọ́ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, n kò tíì lè jù ú nù.

Àwọn ìbejì ń pè mí. Wọ́n ní kí n tún fi fáìlì keje.